Fọ́ọ̀mù Gíréèdì Kẹjọ Tí A Kì í Kà

Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Maryland níbí ní Amẹ́ríkà máa ń fún àwọn ọmọ tó wà ní gíréèdì kẹjọ ní fọ́ọ̀mù kan mú relé. Àwọn iṣẹ́ tí ọmọ máa kọ́ nígbà tó bá wọ háískúùlù ló wà nínú rẹ̀. Òbí á buwọ́ lù ú, ọmọ á dá a padà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé láti ilé ìwòsàn, tí àbúrò ọmọ náà ń ké pé òun kò rí bàtà òun, tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé sì ti dúró lójú títì, kò ní jókòó ka irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní háískúùlù ìjọba, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rí i pé ibi fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yunifásítì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì níbí, tó dé, kí àròkọ tó dé, kí ọmọ tó mọ orúkọ yunifásítì kankan yàtọ̀ sí èyí tó rí lára aṣọ ẹlòmíràn, fọ́ọ̀mù yẹn ti ṣí ọ̀nà kan, ó sì ti dí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí tó ń pè mí lálẹ́. Ìṣirò níbí, àkàbà ni. Algebra 1 ló ṣáájú, Geometry tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Algebra 2, lẹ́yìn náà Precalculus, kí ọmọ tó kan Calculus. Ọdọọdún ni ọmọ ń gun ìgbésẹ̀ kan. Ọmọ tó ti parí Algebra 1 ní gíréèdì kẹjọ á kan Calculus ní gíréèdì kejìlá láìfi ara ni ín. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ Algebra 1 ní gíréèdì kẹsàn-án, Precalculus ni ilé ìwé á ti parí mọ́ ọn lọ́wọ́, àfi tó bá gun ìgbésẹ̀ méjì lọ́dún kan ṣoṣo: kó kọ́ Geometry àti Algebra 2 pa pọ̀ ní gíréèdì kẹwàá, tàbí kó fi ọlidé gígùn kọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ṣeé ṣe. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yege. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣe é ní láti mọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà.

Bàbá kan pè mí nígbà kan pé, “Àǹtí Tíṣà, ẹ ẹ̀ jọ̀ọ́, ọmọ wa fẹ́ ṣe ẹnjiníà, MIT ló sì ń sọ.” Mo ní kó ka àwọn iṣẹ́ tí ọmọ náà ń kọ́ fún mi. Ọmọ náà mọ̀wé, A ló pọ̀ jù nínú máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n gíréèdì kejìlá ló wà, Precalculus ló sì ń kọ́, nínú ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Calculus oríṣi méjì. Bàbá náà dákẹ́ nígbà tí mo ṣàlàyé tán. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un. Kò kàn sí ẹni tó sọ fún un ni.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo sọ pé wọ́n ń kọ́ni ní Calculus nínú ilé ìwé yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn yunifásítì tó le wọ̀ kì í fi ọmọ ilé ìwé kan wé ọmọ ilé ìwé mìíràn láìwo ohun tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní. Háískúùlù máa ń fi ìwé kan ránṣẹ́ tó ń ṣàlàyé irú iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ wọn, iye AP, ìyẹn iṣẹ́ tó le tó ti yunifásítì, tí wọ́n ní, àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò máàkì. Agbaninímọ̀ràn ilé ìwé, tí gbogbo wa ń pè ní káńsẹ́lọ̀, á tún dáhùn ìbéèrè kan: nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà níbí, ṣé èyí tó le jù ni ọmọ yìí mú, àbí èyí tó le díẹ̀, àbí èyí tó rọrùn? Ọmọ tó wà ní ilé ìwé kékeré tí kò ní Calculus kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ní 2023, Caltech alára, yunifásítì sáyẹ́ǹsì ní California tí kò sí ẹni tí kò mọ bí ìṣirò ṣe jẹ wọ́n lógún tó, sọ pé ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ kò ní Calculus tàbí físíìsì tàbí kẹ́mísìrì lè gba ọ̀nà mìíràn fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n, ọ̀nà bíi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Khan Academy lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ tí kò mú un ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Èdè àti sáyẹ́ǹsì náà ní ètò tiwọn. Harvard fẹ́ràn kí ọmọ kọ́ èdè òkèèrè kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́rin, kó má máa ti Spanish bọ́ sí French. Ọmọ tó sì ti sá fún kẹ́mísìrì ní gíréèdì kẹwàá kò ní rọrùn fún láti ṣe AP Chemistry ní ìkọkànlá. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ìṣirò ló máa ń ká àwọn ọmọ wa mọ́ jù.

Mo mọ ibi tí àìfura wa ti wá. Nàìjíríà la ti kàwé, Nàìjíríà sì ni ọkàn wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ yunifásítì. Láti 1978 tí wọ́n ti dá JAMB sílẹ̀, ìdánwò ọjọ́ kan ni gbogbo wa ń sáré bá. WAEC lápá kan, JAMB lápá kejì, kí post-UTME tó wá dé. Ọmọ tó fi SS1 gbá bọ́ọ̀lù, tó fi SS2 kọrin ní ẹgbẹ́ akọrin, lè ti ara rẹ̀ mọ́lé fún oṣù mẹ́rin péré, kó lọ lẹ́sìn láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì gba máàkì tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ nínú irínwó. Kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló ṣe ní SS1. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé sí yunifásítì ní Ìbàdàn, kò sí ọ̀gá kan tó ní kí n mú rípọ́ọ̀tù káàdì SS1 wá. Nítorí náà, tí ọmọ wa bá wọ gíréèdì kẹsàn-án níbí, ohun tí ọkàn wa ń sọ ni pé ó ṣì kù. Ẹ jẹ́ kó ṣeré díẹ̀. Ọdún ìdánwò ń bọ̀.

Níbí, kò sí ọdún ìdánwò kankan tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìdánwò náà. Máàkì táàmù àkọ́kọ́ ní gíréèdì kẹsàn-án wà lórí ìwé kan náà pẹ̀lú ti gíréèdì kejìlá, wọ́n sì ń ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ di GPA, ìpíndọ́gba máàkì ọmọ. Ọmọ tó kó C mẹ́ta jọ lọ́dún àkọ́kọ́ lè gba A nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, síbẹ̀ C mẹ́ta yẹn ò ní kúrò níbẹ̀. Nígbà tó bá sì di oṣù Kọkànlá gíréèdì kejìlá tí ó ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n ní láti wò. Ìdá mẹ́ta ni ọdún tí a ní kó fi ṣeré yẹn.

Kí àyà òbí má baà já jù, ẹ jẹ́ kí n tètè fi èyí kún un. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bí máàkì bá ń gòkè láti ọdún dé ọdún, wọ́n ń rí i, wọ́n sì ń kà á sí rere. Kódà àwọn yunifásítì ìjọba California tí orúkọ wọn ń jẹ́ UC, tó fi mọ́ Berkeley àti UCLA, kì í ṣírò máàkì gíréèdì kẹsàn-án mọ́ GPA tí wọ́n ń lò rárá. Ọlidé tó tẹ̀ lé gíréèdì kẹsàn-án ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣírò. Síbẹ̀ wọ́n fẹ́ rí i pé ọmọ náà yege nínú àwọn iṣẹ́ ọdún yẹn. Ẹ má sì torí California tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ ní Maryland.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí ló máa ń dùn mí jù, nítorí ìwà rere la fi ń pa ara wa lára níbẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún olùkọ́. Àwọn òbí wa kì í lọ bá hẹ́dímásítà jiyàn, tí wọ́n bá sì ránṣẹ́ pè wọ́n, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni. Nítorí náà, bí ilé ìwé ò bá pè wá, a ò ní lọ. Níbí, òbí tí kò bá wá, wọ́n á rò pé ohun tí wọ́n yàn fún ọmọ rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn ni. Ẹgbẹ́ àwọn káńsẹ́lọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tí káńsẹ́lọ̀ kan ń bójú tó má ju 250 lọ, ṣùgbọ́n ní ilé ìwé púpọ̀ wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó ní ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ kò lè máa rántí pé ọmọ yín tó jẹ́jẹ́, tí kì í dá wàhálà sílẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ tó le ju èyí tí wọ́n fún un lọ. Ọmọ tó jẹ́jẹ́ gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí a ti ń pín àwọn ọmọ sí kíláàsì; ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti wá lẹ́ẹ̀kan ni gbogbo wa máa ń rántí orúkọ rẹ̀.

Ẹ lọ. Ẹ pè kí wọ́n fún yín lákòókò, ẹ wọṣọ iṣẹ́ yín lọ tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sí. Ẹ bi wọ́n pé, iṣẹ́ ìṣirò wo ni ọmọ mi máa parí sí tó bá gba ọ̀nà tó wà lórí fọ́ọ̀mù yìí? Kí ló yẹ kó ṣe lọ́dún yìí kó tó lè wọ AP ní ìkọkànlá? Ta ló ń pinnu ẹni tó ń wọ kíláàsì honors, èyí tó le ju ti gbogbogbò lọ, ṣé máàkì ni àbí olùkọ́? Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ èsì tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ ímeèlì, ẹ tún padà lọ. Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Àwọn òbí tó kàwé níbí ń ṣe é láti kékeré ọmọ wọn, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí wọn.

Ní ti ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ilé ìwé, mo rò pé àwa òbí ni ká fara balẹ̀. Common App, fọ́ọ̀mù tí yunifásítì tó lé ní 1,000 ń gbà, tí wọ́n ń ṣí fún ọdún tuntun ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, fún ọmọ ní àyè mẹ́wàá láti kọ ohun tó ń ṣe, àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ. Òbí á gbọ́ pé àyè mẹ́wàá ló wà, wọ́n á ní kí ọmọ wá ẹgbẹ́ mẹ́wàá darapọ̀ mọ́. Ọmọ á wá di ẹni tó ń sáré láti ẹgbẹ́ roboti lọ sí ẹgbẹ́ àríyànjiyàn, kò sì fẹ́ràn èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀. Ohun kan tàbí méjì tí ọmọ ṣe láti gíréèdì kẹsàn-án títí dé ìkejìlá, tó ń jinlẹ̀ sí i lọ́dọọdún, tí ẹlòmíràn sì jàǹfààní rẹ̀, ló ní ìtumọ̀ sí wọn. Ohun kan ṣoṣo tí bíbẹ̀rẹ̀ lásìkò ṣe fún ọmọ lápá ibí yìí ni pé ó fún un láyè láti gbìyànjú èyí, kó fi í sílẹ̀, kó gbìyànjú òmíràn, títí tó fi máa rí èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa kò mọ̀ rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àyè wà lórí Common App fún iṣẹ́ ilé, wọ́n dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ gan-an gẹ́gẹ́ bí ojúṣe nínú ẹbí. Àyè wà fún iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Ọmọ tó ń gba àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ nítorí ìyá wà níbi iṣẹ́, tó ń se oúnjẹ alẹ́, tó ń bá ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn láti ṣe ògbufọ̀ fún un láàárín òun àti dókítà, ọmọ yẹn ti ní ohun tó ń ṣe. Àwọn ọmọ wa kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú a máa tì wọ́n, tàbí wọ́n á rò pé kò jámọ́ nǹkan kan, nítorí a ti kọ́ wọn pé ọmọ tó bá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe. Òótọ́ ni. Kò ní kó má jẹ́ iṣẹ́. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ ni òmíràn nínú wọn ń ṣe. Ọmọ tó ń lu gángan ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ tó ń kọ́ àwọn kékeré ní kéú ní Sátidé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Ọmọbìnrin tèmi wà ní gíréèdì kẹsàn-án lọ́dún yìí. Irun dídì ló fẹ́ràn. Ó ń di irun fún àwọn ọmọ àdúgbò ní Sátidé, ó ń kọ owó sínú ìwé, ó ń kọ iye irun tó lò àti iye wákàtí tó gbà á. Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, gbà mí níyànjú pé kí n mú un kúrò nídìí irun, kí n fi sí ẹgbẹ́ roboti. N kò ṣe é. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín orí sí apá tó dọ́gba, ó ń kọ́ iye tó yẹ kéèyàn gbà fún àkókò rẹ̀, ó sì ti ń bi mí ní ìbéèrè nípa kẹ́míkà tó wà nínú rílásà tí n kò mọ ìdáhùn sí. Bí ó bá fẹ́ tẹ̀ lé ìbéèrè yẹn débi kẹ́mísìrì, ọ̀nà ti là fún un nítorí a ti fi kẹ́mísìrì sórí fọ́ọ̀mù gíréèdì kẹwàá. Bí kò bá sì fẹ́, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Lórí SAT, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Lẹ́yìn kòrónà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní kò pọn dandan mọ́, ṣùgbọ́n MIT dá a padà ní 2022, Dartmouth, Yale, Brown, Harvard àti Caltech sì kéde ní 2024 pé àwọn náà ti dá ìdánwò padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yale gba àwọn ìdánwò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní UC, wọn kì í wò ó rárá. Kí ọmọ máa kàwé, ìwé gidi, láti ìsinsìnyí. Èyí ló ń gbé apá èdè Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò náà. Kí ó ṣe PSAT, àbúrò SAT, ní oṣù Kẹwàá gíréèdì kọkànlá, nítorí òun ni wọ́n fi ń yan àwọn ọmọ National Merit, ètò tó ń fún àwọn tó gba máàkì tó ga jù lọ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ìgbáradì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Khan Academy. Kò sí ìdí tí ọmọ gíréèdì kẹsàn-án fi gbọ́dọ̀ wà ní lẹ́sìn SAT ní Sátidé.

Owó ni ká sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló máa ń pa ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu mọ́. Ìyá kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, ó ní, “Harvard kẹ̀, Àǹtí Tíṣà? Ta ló fẹ́ sanwó ẹ̀? Yunifásítì ìpínlẹ̀ tiwa yìí náà dára.” Yunifásítì ìpínlẹ̀ dára lóòótọ́, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sára ògiri kọ́ ni ẹbí ń san. Láti ọdún ìwé 2025 sí 2026, Harvard kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju $100,000 lọ, tí kò sì ní dúkìá rẹpẹtẹ: ilé gbígbé àti oúnjẹ pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ẹbí tó ń gba tó $200,000 kò ní san owó ilé ìwé. MIT náà ń ṣe irú rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì ti sọ ọ́ di dandan láti 2011 pé kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ ìṣírò kan sórí ìkànnì rẹ̀, net price calculator, tí òbí lè fi owó oṣù rẹ̀ sí kó sì rí nǹkan bí iye tó máa san. A jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, èmi àti ìyá náà, a fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ sí i. Èyí tó jáde fún ilé ìwé tó ń bẹ̀rù yẹn kéré sí ti yunifásítì ìpínlẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe, bóyá mo ṣì í tẹ̀.

Ohun tí ó fi kan gíréèdì kẹsàn-án rèé. FAFSA, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ìjọba, kì í wo owó tó wọlé fún yín ní ọdún tí ọmọ ń wọ yunifásítì. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò. Ìyẹn ni pé láti oṣù Kìíní gíréèdì kẹwàá títí di oṣù Kejìlá gíréèdì kọkànlá ni ọdún tí wọ́n máa fi ṣírò. Bí ẹ bá fẹ́ ta ilẹ̀, tàbí kí ẹ fa owó ìfẹ̀yìntì yín jáde, tàbí bí bàbá bá ń wa Uber lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ọdún yẹn ni ìwé owó orí yín máa jẹ́rìí. Ẹ ṣe é dáadáa, ẹ san án lásìkò, ẹ tọ́jú ìwé rẹ̀. Yunifásítì àdáni púpọ̀ tún ń béèrè CSS Profile, fọ́ọ̀mù owó mìíràn tó ń tú inú àpò ènìyàn wò ju FAFSA lọ. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù fún oògùn bàbá àti owó ilé ìwé àbúrò, kò sí àyè fún un lórí FAFSA, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ yunifásítì náà kí ẹ ṣàlàyé, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rìsíìtì náà nísinsìnyí.

Bí owó tó ń wọlé bá kéré gan-an, ẹ bi káńsẹ́lọ̀ nípa QuestBridge, tó ń so àwọn ọmọ tó mọ̀wé tí owó ilé wọn kò tó mọ́ àwọn yunifásítì ńlá pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́rin. Òpin oṣù Kẹsàn-án gíréèdì kejìlá ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń parí, ó sì yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ní ìpínlẹ̀ wa níbí, Meyerhoff, ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó ń fún ọmọ ní owó ìrànwọ́, wà ní yunifásítì UMBC láti 1988, Freeman Hrabowski, tó di ààrẹ UMBC lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ dúdú tó ti gba ibẹ̀ di dókítà sáyẹ́ǹsì kò lóǹkà lẹ́nu mi. Ọmọ tó gba Meyerhoff kò pàdánù nǹkan kan tí kò bá lọ sí Princeton. Mo máa ń sọ èyí kíkan kíkan, nítorí àwa Yorùbá fẹ́ràn orúkọ.

Ẹ rántí 2015 àti 2016. Ọmọ Nàìjíríà kan ní Elmont Memorial, ilé ìwé ìjọba ní Long Island, rí ìwé ìgbaniwọlé gbà láti gbogbo yunifásítì mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League, Harvard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Nàìjíríà mìíràn láti ilé ìwé kan náà tún ṣe é. Inú mi dùn dé ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọkàn mi. Fídíò wọn yí WhatsApp ká, ó sì di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ọlọ́mọ nídìí tábìlì oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká wo ìṣírò. Àwọn tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Harvard fún kíláàsì tó máa jáde ní 2028 jẹ́ 54,008. Wọ́n gba 1,937. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí wọn kò gbà, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ láìsí wàhálà. Ìwádìí tí Raj Chetty, David Deming àti John Friedman gbé jáde ní 2023 sì fi hàn pé ọmọ olówó jù lọ, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ní àǹfààní tó ju ìlọ́po méjì lọ láti wọ àwọn ilé ìwé yẹn ju ọmọ ẹbí alábọ́ọ́dé tí máàkì ìdánwò wọn jọra. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ náà ti dájọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2023 pé wọn kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ gba ọmọ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ṣì lè kọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nínú àròkọ rẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: kò sí ètò tí òbí lè ṣe ní gíréèdì kẹsàn-án tó lè mú kí Harvard gba ọmọ. Ẹni tó bá sọ pé òun lè ṣe é, owó yín ló fẹ́ gbà. Ní 2019, ìjọba kó àwọn olówó àti òṣèré fíìmù lọ sílé ẹjọ́ lórí irú owó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ètò lè ṣe ni kí ó má jẹ́ pé ọwọ́ wa ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ kí ó tó mọ ohun tó fẹ́. Ìṣirò rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, máàkì rẹ̀ mọ́, ìwé owó orí wà ní ipò, olùkọ́ méjì mọ̀ ọ́n dáadáa tó lè kọ lẹ́tà fún un. Ìyókù, ọmọ ni, Ọlọ́run ni, àkókò ni. Alan Krueger àti Stacy Dale ṣe ìwádìí tó lókìkí lórí ẹni tó lọ sí ilé ìwé ńlá àti ẹni tó ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ tó lọ síbòmíràn: fún ọ̀pọ̀ jù lọ, owó tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fún àwọn ọmọ dúdú àti àwọn tí òbí wọn kò kàwé púpọ̀, ó yàtọ̀. Mo mọ ìdí tí àwọn òbí wa fi ń sáré. N kò ní kí wọ́n dúró. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ sun oorun wákàtí mẹ́jọ, kó lè rẹ́rìn-ín nílé. Ọmọ tí ó ti gíréèdì kẹsàn-án gbọ́ pé dókítà ni dandan ní láti gbọ́ pẹ̀lú pé níbí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba dìgírì ọdún mẹ́rin ná kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, àfi àwọn ètò díẹ̀ bíi PLME ti Brown tí wọ́n so méjèèjì pọ̀. Àkókò wà.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì wà nílé, yálà ẹ fẹ́ mú un wá síbí tàbí ó fẹ́ ti ibẹ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n máa béèrè, gíréèdì kẹsàn-án sì bá JSS3 mu. Rípọ́ọ̀tù káàdì JSS3, SS1, SS2 àti SS3, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé ìwé àti ìbuwọ́lù ọ̀gá, ni ẹ máa nílò. Ọmọ tó dé láti SS2 láìní ìwé kankan lọ́wọ́ lè bá ara rẹ̀ ní gíréèdì kẹsàn-án, kí ó máa tún Algebra 1 kọ́. Ẹ gba ìwé náà ní táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ má dúró di ìgbà tí ọ̀gá ilé ìwé bá ti yí padà. Yale, Princeton, Harvard, MIT àti Amherst wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí kì í wo agbára owó ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó gbà á. Ibi púpọ̀ ń wò ó, ẹ ka ìkànnì wọn dáadáa kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ọmọ àbúrò mi ní Ìbàdàn wà ní JSS3 báyìí. Ìyá rẹ̀ ń ya fọ́tò rípọ́ọ̀tù káàdì ránṣẹ́ sí mi ní òpin táàmù, máàkì ìṣirò ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wò. Táàmù tó kọjá, ó rẹ̀yìn díẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ká jọ máa ṣe ìdógba lórí fóònù.